Fúrúùtù: Àlejò Tó Bá Ìbátan Rẹ̀ Nílé

Ẹ bi ọmọ Èkó tàbí ọmọ Ìbàdàn léèrè igi tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí agboòrùn tí wọ́n tò léra wọn, kíá ni yóò dáhùn pé fúrúùtù ni. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí èso ni a ti mú orúkọ yẹn. Ìrókò àti àràbà ní orúkọ tiwọn láti ayébáyé; orúkọ fúrúùtù fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé àlejò ni.

Etíkun Éṣíà, àríwá Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì wà lára ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Èso rẹ̀ lè léfòó lórí omi òkun títí yóò fi gúnlẹ̀ sí èbúté mìíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ olóoru, nítorí ibòji rẹ̀. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Kútọnu, ó sì wà ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní chapéu-de-sol. Ìtumọ̀ rẹ̀? Agboòrùn náà ni!

Ní ọdún 1767, Linnaeus sọ ọ́ ní Terminalia catappa. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí òpin ló bí Terminalia, torí pé ṣóńṣó ẹ̀ka ni ewé rẹ̀ máa ń kóra jọ sí. Ibi tó dùn jù rèé: Terminalia náà ni afárà wa, Terminalia náà sì ni ìdígbó, tí àwọn oníṣòwò pákó ní òkè òkun ń fi orúkọ Yorùbá pè títí dòní. Àlejò wa bá ìbátan rẹ̀ nílé.

Ìyà kì í tètè pa igi yìí. Iyanrìn kò dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn oníyọ̀ òkun. Ewé rẹ̀ á pọ́n, á wọ́, òmíràn á sì rúwé. Ọmọdé ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n á tún fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ ọmọ inú rẹ̀. Àdán náà kì í gbẹ́yìn níbẹ̀.

Lóòótọ́, ewé rẹ̀ ń fún ẹni tó ń gbálẹ̀ níṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé e, tí wọ́n á fi kọnkéré bo ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni fọganáísà pàtẹ irinṣẹ́ sí, abẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́kadà ti ń sinmi, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé nígbà tí iná bá lọ. Kọnkéré kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ gé fúrúùtù, kí ó kọ́kọ́ gbin òmíràn, kí ó sì dúró kí ó dàgbà.