Ọ̀kẹ́ kan: iye tí àpò owó ẹyọ fi sílẹ̀ fún wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún mi pé bí owó bá ti pọ̀, Faransé nìkan ló ṣeé fi kà á. Ó ní "vingt mille" kò ní orúkọ ní Yorùbá. Mo ní ó ní. Ọ̀kẹ́ kan ni.

Àpò ni ọ̀kẹ́. Owó ẹyọ 20,000 ló ń wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpò ṣe di orúkọ iye. Láti erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń kó ẹyọ wá sí Ouidah àti àwọn èbúté mìíràn. Wọ́n á sín 40 sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ pé.

Èyí tí wọn kò bá sín ńkọ́? Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tó gbé ní Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1887. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tì í, á máa fa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Bó bá fà á nígbà 20, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì, igba. Kí ọ̀kẹ́ kan tó tán, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ nígbà 4,000. (Èmi ò lè ṣe é.)

Ohun tó wù mí jù ni bí iye yìí ṣe ń pín. Dá a sí méjì: ẹgbàárùn-ún, 10,000. Tún dá a: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, 5,000. Lẹ́yìn náà 2,500, 1,250, 625. Ìgbà márùn-ún, ẹyọ kankan ò fọ́. Ẹ wá fi márùn-ún pín ọ̀kẹ́: 4,000, 800, 160, 32. Ìgbà mẹ́rin. Méjì márùn-ún àti márùn-ún mẹ́rin, tí a sọ di púpọ̀ lára wọn, ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà iye 30 ló lè pín in láìṣẹ́kù, láti orí 1 títí dé òun fúnra rẹ̀. Ẹni méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó jọ ṣòwò kò ní jà.

Ẹni mẹ́ta ni wàhálà. Kálukú á gba 6,666, ẹyọ méjì á ṣẹ́ kù. Ẹni méje, 2,857, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù. Ta ni yóò mú un?

Lẹ́yìn 1840, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ Zanzibar wá. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀kẹ́ ṣì jẹ́ 20,000, ṣùgbọ́n ẹrù alárùú wúwo sí i, ohun tí owó náà lè rà sì dínkù. Nígbà tó yá, fráńkì dé, àpò ẹyọ kúrò lọ́jà. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò: mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni.

Mo na owó bébà ẹgbàárùn-ún méjì sí ọmọ náà, mo ní kó kà á. Ó ní, "Ọ̀kẹ́ kan, bàbá." Owó mi sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjà tiyín, kí ni àwọn ìyá wa ń pe 20,000?