Babaláwo, Dókítà àti Ọ̀dọ́ Tí Ọkàn Rẹ̀ Dàrú: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Aró

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì sí wa. Kò sí Awo tó ti pẹ́ nídìí ọpọ́n tí wọn kò tíì mú ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú wá bá. Òmíràn kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, òmíràn ń dá sọ̀rọ̀, òmíràn ti mu ohun tí kò yẹ kó mu títí orí rẹ̀ fi yí. Ìyá á máa sunkún, bàbá á dákẹ́. Àwọn àgbà wa ló kúkú sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Ẹ wo agbègbè wa níhìn-ín, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, láti Alákíà sí Adégbàyí títí dé Ẹgbẹ́dá. Ibi tó jẹ́ oko lánàá ti di ìgboro. Ilé ń pọ̀, àlejò ń pọ̀, agboolé sì ń tú ká. Ọmọ tí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ìbá máa ṣọ́, inú yàrá kan ló ń dá gbé báyìí. Bí orí rẹ̀ bá wá gbóná, ta ni yóò tètè mọ̀? Ibo ni wọn yóò gbé e lọ? Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́, kí ni yóò bá níbẹ̀? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtàn.

Bí àwọn baba wa ṣe mọ̀ ọ́n

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo àìsàn orí. Wọ́n mọ wèrè, wọ́n mọ asínwín. Wọ́n mọ abísínwín, èyí tó ń mú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ń wọṣọ, tó ṣì ń bá ènìyàn gbé. Wọ́n sì mọ̀ pé ti dìndìnrìn yàtọ̀, nítorí láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ohun tó ń fà á, wọ́n ní èyí tó jẹ́ àmútọ̀runwá wà, ti ìran wà, àfọwọ́fà wà, bíi ti ẹni tó fi igbó mímu ba orí ara rẹ̀ jẹ́. Èyí tí ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀ náà sì wà.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Aláìsàn á máa gbé nínú ilé oníṣègùn fún oṣù mélòó kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní àgbo tí yóò mú un sùn. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ sì ni olórí nínú ewé àti egbò tí wọ́n ń lò fún èyí. Wọ́n á dá Ifá láti mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á rú ẹbọ, wọ́n á bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, á máa bá onílé ṣiṣẹ́ oko. Nígbà tó bá yá, wọ́n á mú un lọ sí odò, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, aṣọ tó fi ṣàìsàn á bá omi lọ, á wọ tuntun padà sílé.

Kò yẹ kí a fi ewé bo apá kejì ìtàn náà. Àwọn oníṣègùn kan ń kan àbà mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n dè é, wọ́n sì ń nà án. Wọ́n ní kó má baà sá lọ ni, kó má baà ṣe ènìyàn léṣe. A mọ ìdí rẹ̀, nítorí kò sí oògùn tó yára nígbà náà. Síbẹ̀ ìyà ni, ìyà kì í sì í ṣe oògùn.

Ilé wèrè ti ìjọba òyìnbó

Nígbà tí òyìnbó dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ń kó àwọn kan lọ sí Kissy ní Sàró. Ní 1907 wọ́n ṣí ilé wèrè sí Yábà ní Èkó. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ wèrè ní 1916 kò ju bí wọn yóò ṣe mú ènìyàn àti bí wọn yóò ṣe tì í mọ́lé lọ. Ìtọ́jú kò pọ̀ níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n Láńtòrò ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn dàrú lójú ogun Hitler sí. Ẹ ò rí i bí? Àwọn tó bú àwọn baba wa pé wọ́n ń de wèrè mọ́lẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n fi tiwọn sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aró

Ìyípadà dé ní 1954. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ ní London kó tó padà wálé. Nígbà tó dé Aró, ilé ìwòsàn tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀ kò tíì parí. Lámbò kò dúró de bíríkì. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé mẹ́rin tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Báyìí ni ètò náà ṣe rí. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n á háyà yàrá lọ́wọ́ ará abúlé. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, aláìsàn á padà sí abúlé, á bá wọn dé oko, á bá wọn ṣeré, á jókòó láàrin ènìyàn. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti fi kọ́ yàrá kún yàrá. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ fún wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn. Nítorí náà, ará abúlé kò ka aláìsàn sí ẹrù, wọ́n rí i pé wíwá rẹ̀ ṣe àwọn náà láǹfààní.

Lámbò tún ṣe ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn tó mọ ìtọ́jú wèrè láti oríṣiríṣi ibi, ó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ètùtù, ijó àti àpéjọ lábúlé. Àwọn náà ni wọ́n ń la ọ̀nà tí aláìsàn yóò fi tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lójú ẹbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn dókítà ti ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ. Ẹ má sì jẹ́ ká purọ́ fún ara wa: Lámbò kò gbé oògùn òyìnbó jù sílẹ̀. Wọ́n ń lo Largactil, wọ́n sì ń fi iná mànàmáná tọ́jú àwọn kan. Ọwọ́ kálukú wà níbi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn ará Yúróòpù náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní Geel, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ni àwọn onílé ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ni aláìsàn ń bá gbé ní Geel. Ní Aró, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló bá a wá. Ìmọ̀ ilẹ̀ wa nìyẹn, pé àìsàn orí ọmọ kan, àìsàn agboolé ni.

Ní 1961 àwọn onímọ̀ láti gbogbo Áfíríkà ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Cornell láti Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, bá Lámbò ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àìsàn ọkàn pọ̀ ní abúlé tó ti ń tú ká ju èyí tó wà níṣọ̀kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Adégbàyí lónìí ro ìbéèrè yẹn dáadáa. Lámbò di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní 1968. Láti 1973 títí di 1988 ló sì fi jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó papò dà ní 2004.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Aró láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orí ń ta wọ́n, ó ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí, wọ́n ń wo ìwé ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà kò wọlé. Ní 1960 ó kọ̀wé lé e lórí, ó pè é ní "brain fag". Ó ronú pé ọmọ tí wọ́n tọ́ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n wá ní kó dá jókòó ti ìwé, tí ìrètí gbogbo ẹbí sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ orúkọ náà sínú ìwé wọn ní 1994, wọ́n yọ ọ́ ní 2013. Ọ̀pọ̀ dókítà wa náà gbà pé ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá yí, ẹrù ò yí. Ọmọ tó ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kẹta mọ ohun tí a ń wí.

Prince yìí kan náà ló tún jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá láti kọ́ iṣẹ́ wọn, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1964. Ó jẹ́rìí sí i pé asofẹ́yẹjẹ ń ṣiṣẹ́. Èròjà reserpine tí àwọn onímọ̀ Switzerland yọ jáde ní 1952 lára irúgbìn Íńdíà kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ìdùnnú ni èyí fún wa, ìkìlọ̀ sì ni pẹ̀lú, nítorí ohun tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ń fa ìfúnpá sílẹ̀, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni oògùn. Bó bá kọjá ìwọ̀n, ewu ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí

Ètò abúlé Aró kò dúró títí bó ti wà. Ilé ìwòsàn gbòòrò, wọ́ọ̀dù pọ̀, ìbátan tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan sì ṣọ̀wọ́n. Ìṣòro sì ń pọ̀ sí i. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNODC gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ní 2017, ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ní Nàìjíríà, láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò. Ti Ọ̀yọ́ jẹ́ ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkodíìnì ní 2018. Àwọn ọmọ wa rí òmíràn lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ìdajì àìsàn ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 14. Ó túmọ̀ sí pé ìgbà ọmọdé ni àǹfààní wa wà.

Ilẹ̀ ò ṣú tán. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó kan fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù, ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Èyí tó kàn wá jù ni ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tó jáde ní 2020. Wọ́n jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìbílẹ̀ àti àwọn olùwòsàn onígbàgbọ́ bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀. Aláìsàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó gba ìtọ́jú alájọṣe yá ju ti àwọn tó kù lọ. Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954. Ìṣirò wá jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n ní 2019 kan náà, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n lọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n ní ilé oníṣègùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìtọ́jú Mùsùlùmí àti ní ibùdó ìjọba pàápàá. Ọmọdé wà nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ pé àwọn ẹlòmíràn náà ń ṣe é. Orúkọ Ifá ni ẹni tó ń de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ ń bà jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó yẹ kí Awo gbé lọ sílé rèé:

1. Kí ẹ̀wọ̀n, àbà àti pàṣán kúrò nílé wa. Asofẹ́yẹjẹ àti sùúrù ló so orúkọ àwọn baba wa ró.

2. Kí a má gba ọ̀dọ́ wọlé láìsí ìbátan kan tí yóò máa bá a gbé.

3. Ọmọ tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tí gìrì ń gbé, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò sùn tí kò sì jẹ, tàbí tó ti jingíri sínú oògùn olóró, kí a tètè gbé e lọ sí UCH tàbí Aró. Kí a máa bá a dé ibẹ̀, kí a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

4. Bí ọmọ bá ń lo oògùn ọsibítù, kí a má fi àgbo kún un láìsọ fún dókítà.

5. Kí a lo ohun tó jẹ́ tiwa ní tòótọ́: etí tó ń gbọ́, agbára láti pe ẹbí jókòó, láti là wọ́n níjà, àti láti rán ọmọ létí pé ó yan orí wá sáyé, orí náà kò sì tíì kọ̀ ọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Awo kan ò lè dá a ṣe, dókítà kan ò lè dá a ṣe. Bí Adégbàyí ti ń di ìgboro yìí, ẹ má jẹ́ kí a sọ ohun tí abúlé fi ń wo ọmọ sàn nù. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí orí àwọn ọmọ wa dàrú. Kí Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, bá wa tún ti àwọn tó ti dàrú ṣe. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.