Mọ́ínmọ́ín fún Ogún Ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé." Mọ́ínmọ́ín, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀, bá òwe yìí mu. Iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnìkan lọ. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá fẹ́ sè é fún ènìyàn 20, ẹ pe àwọn ọmọ sí ìdí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀wà: Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àjọ náà nígbà náà. Ẹ̀wà olójú dúdú láti ilẹ̀ mìíràn dára fún un. Kílò 1.5 yóò tó.

Ewé: Nílé, ewé eéran ni a fi ń pọ́n ọn. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ lo abọ́ irin kékeré, kí ẹ fi fóìlì bò ó.

Sísè: Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi ọwọ́ bó o. Èèpo yóò léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan kí ó rọ̀, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Ẹ fi òróró, iyọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ pò ó. Ẹ fi ẹyin sísè, ẹja tàbí edé sí i. Èyí tí ohun inú rẹ̀ pọ̀ ni à ń pè ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Bí edé tàbí ẹyin kì í bá bá ọmọ kan lára mu, ẹ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì sàmì sí i. Ẹ má bù ú kún dé ẹnu abọ́, nítorí yóò wú. Ẹ sè é fún nǹkan bí wákàtí kan. Bí ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná.

Èdè ìdáná: Ọmọ tí a bí sí òkè òkun lè fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín, síbẹ̀ kí ó má mọ bó, lọ̀, pò, pọ́n àti sè. "Ṣe" nìkan ni yóò máa lò fún gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a ń dín àkàrà, a ń ro àmàlà, a ń tẹ ẹ̀bà, a sì ń gún iyán. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe yóò tẹ̀ lé e. Báwo ni "àkàrà tú sépo" yóò ṣe yé ọmọ tí kò rí àkàrà nínú epo rí? Nítorí náà, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá rán an.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi ìyá tàbí bàbá yín: kí ni à ń ṣe sí ọbẹ̀, kí ni à ń ṣe sí ẹ̀fọ́, kí sì ni à ń ṣe sí iṣu kí ó tó di jíjẹ? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀.