Ọ̀pá Kékeré Létí Ihò

Ẹ̀yin òbí wa ní Berlin àti ní Hamburg! Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí mu jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí eré ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: eré gọ́ọ̀fù, àti ọ̀pá kékeré kan tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn mìíràn sì fi ń bo àṣírí ara wọn létí ihò.

Bóyá ẹ ó bi wá léèrè pé, kí ni ó kan àwa nínú gọ́ọ̀fù? Ó kàn wá. Ọmọ tí a bí sí Jámánì a máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá ní ọjọ́ ìsinmi. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Kí ọdún kan tó yí po, ọmọ ọdún méjìlá lè ti máa gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ibi tí agbára parí sí ni ọgbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn wa wà: ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ihò.

Fún ẹni tí kò tíì dé pápá náà rí, ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé díẹ̀. Nínú gọ́ọ̀fù, iye ìgbà tí a fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù ni a ń kà, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré jù ni ó borí. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù rin igba mítà, ẹyọ kan ni. Bí ẹ bá rọra tì í ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ẹyọ kan náà ni. Ihò kọ̀ọ̀kan ní kóríko tí a gé mọ́lẹ̀ tí ó tẹ́jú bí ẹní. Gríìnì ni à ń pè é. Orí rẹ̀ ni a ti ń fi ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní pọ́tà yí bọ́ọ̀lù sínú ihò. Wàhálà wà fún bọ́ọ̀lù tí ó kù díẹ̀ kí ó dé gríìnì. Kò jìnnà tó ohun tí à ń fi agbára gbá, bẹ́ẹ̀ ni kóríko tí ó yí i ká lè ga ju ohun tí pọ́tà lè tì í kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń sọ ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nù: wọn a gbá a kọjá, wọn a tún gbá a kò ní dé, ọwọ́ wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Eré náà ti gbilẹ̀ ní Scotland tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi kà á léèwọ̀ ní ọdún 1457, nítorí pé ó ń gba àkókò tí ó yẹ kí àwọn ọkùnrin fi kọ́ ọfà títa. Fún ìgbà pípẹ́, igi ni wọ́n sábà fi ń gbá bọ́ọ̀lù sún mọ́ ihò, nítorí pé awọ tí a ki ìyẹ́ sínú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà. Ó wọ́n, irin a sì máa ya á. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí a fi oje igi gutta-percha ṣe dé ní 1848, ọ̀nà là. Allan Robertson, ọmọ ìlú St Andrews tí ó kú ní 1859, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ irin di ohun èlò fún gbígbá bọ́ọ̀lù sún mọ́ ihò. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni kò dára. Ohun èlò ni kò tíì bá iṣẹ́ náà mu.

Láti ìgbà náà, àwọn alágbẹ̀dẹ kò sinmi mọ́. Irin di oríṣiríṣi, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀: cleek, mashie, niblick. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní jigger. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ kò dà sẹ́yìn púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí bọ́ọ̀lù fò díẹ̀ kí ó tó máa yí lọ sí ihò. Òun ni a lè pè ní bàbá ọ̀pá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa mọ ìdí rẹ̀: àáké ni a fi ń gé igi lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi àáké fín ojú ère.

Òfin kò gba gbogbo ohun tí ọgbọ́n bá mú wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930, Bobby Jones ti Amẹ́ríkà lo irin kan tí ojú rẹ̀ jin kòtò bí ṣíbí láti yọ bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn, ní ọjọ́ tí ó gba ìdíje Open ní Hoylake. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a fi òfin de ojú tí ó jin kòtò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó lè kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà. Gene Sarazen kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó mú niblick rẹ̀, ó jó irin mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó má bàa rì sínú iyanrìn, ó sì fi í gba Open ní Sandwich ní 1932. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun a máa fi ọ̀pá náà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù òun lálẹ́, kí àwọn alákòóso má bàa rí i kí wọ́n sì fòfin dè é kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò ṣàì sí nínú àpò àwọn ọ̀jáfáfá.

Àṣejù náà sì dé. Àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í kó ogún ọ̀pá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ẹni tí ń bá wọn rù ú ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Amẹ́ríkà pàṣẹ ní 1938 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ju ọ̀pá 14 lọ. St Andrews ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1939. Òfin náà ṣì wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí àpò rẹ̀ bá ti kún, tí ó sì fẹ́ fi ọ̀pá àkànṣe kan kún un, ní láti mú òmíràn jáde.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe dé ìlú tí ẹ̀ ń gbé? Àlejò ni ó gbé e dé Berlin. Àwọn ọmọ Britain àti Amẹ́ríkà tí ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù sílẹ̀ ní 1895. Hamburg tẹ̀ lé e: ní 1906 ni a dá ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ wà ní Falkenstein sílẹ̀, ní 1907 ni a sì dá àjọ gọ́ọ̀fù gbogbo Jámánì sílẹ̀ ní Hamburg kan náà. Nígbà tí a pín Berlin, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbá tiwọn ní Wannsee, àwọn ti Britain ní Gatow, títí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí fi kó ẹrù wọn kúrò ní ìlú náà ní 1994. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wò yín lórí pápá bí ẹni tí ó ṣìnà, ẹ rántí pé àlejò ni àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn akọni méjì kan wà tí ìtàn wọn kan ìlú méjèèjì yìí, tí a sì lè fi kọ́gbọ́n. Bernhard Langer, tí a bí ní Bavaria ní 1957, bẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé tí ń ru ọ̀pá fún àwọn ẹlòmíràn. Ní Falkenstein, Hamburg, ní 1981, ó di ọmọ Jámánì àkọ́kọ́ tí ó gba German Open. Ní ọdún kan náà, ní Fulford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀lù rẹ̀ há sórí igi; ó gun igi náà, ó sì rọra gbá bọ́ọ̀lù náà láti òkè wá sórí gríìnì. Ó gba Masters ní 1985 àti ní 1993. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n létí ihò, tí àìsàn náà ń lọ tí ó sì ń padà. Kò tijú. Ó yí bí ó ti ń di ọ̀pá mú padà, ó tún gba pọ́tà gígùn. Nígbà tí òfin 2016 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti àyà mọ́, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní àyà, ó sì ń bá eré lọ. Ní 2025 ni ó tó ṣe ìdágbére sí Masters.

Ẹnìkejì ni Seve Ballesteros, ọmọ Pedreña ní Sípéènì, tí ó gba German Masters ní Motzener See lẹ́bàá Berlin ní 1994. Irin ẹyọ kan ṣoṣo, nọ́ńbà 3, ni ó fi kọ́ eré ní etíkun nígbà èwe rẹ̀. Irin náà kò yẹ fún iṣẹ́ etí ihò rárá, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ohun tí irin kò lè ṣe. Ìgbà tí ó kú ní 2011, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé àwọn tí ó tó o létí ihò kò pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ kí ohun èlò ran ọwọ́ lọ́wọ́, èkejì jẹ́ kí ọwọ́ borí ohun èlò. Àwọn méjèèjì sì borí.

Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Sandy Lyle, ọmọ Britain, gba Nigerian Open ní Ìkòyí, Èkó, ní 1978, ẹyọ 61 ni ó sì fi parí ọjọ́ kìíní. Ní ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà láyé ìgbà náà, iyanrìn tí a fi epo pò ni ó dúró fún gríìnì. Bráwùn ni wọ́n ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe dáadáa níbẹ̀ ní láti mọ bí bọ́ọ̀lù yóò ti yí lórí iyanrìn. Etí ihò kan kò jọ èkejì. Bí ilẹ̀ bá ti rí ni à ń gbá a.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí ọ̀pá tí ó mú wa sọ gbogbo èyí. Chipper ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Ṣípà ni a ó pè é níhìn-ín. Ó gùn bí pọ́tà, kò tó mítà kan. Ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn bí ti irin nọ́ńbà 7 tàbí 8, ó sábà máa ń wà láàárín dígíríì 30 sí 37. Ìlò rẹ̀ kò le. Ẹ dúró súnmọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ fi í sí apá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara tẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ má ṣe ká ọrùn ọwọ́. Èjìká ni kí ẹ fi jù ú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lo pọ́tà. Bọ́ọ̀lù yóò fò díẹ̀, yóò balẹ̀ ní etí gríìnì, yóò sì máa yí lọ. Ìgbà tí kóríko kúrú, tí kò sì sí iyanrìn tàbí gegele láàárín ni ó wúlò. Bí bọ́ọ̀lù bá rì sínú kóríko gíga, tàbí tí kòtò iyanrìn bá wà níwájú, ẹ wá irin mìíràn.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ yẹ ohun mẹ́ta wò. Irin ni òfin ka ṣípà sí, kì í ṣe pọ́tà. Nítorí náà, ojú kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ ní. Èyí tí ó ní ojú méjì kò bófin mu, ẹni tí ó bá sì fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje yóò pàdánù ipò rẹ̀ pátápátá. Ìmú rẹ̀ gbọdọ̀ rí rógódó, kò gbọdọ̀ ní apá tí ó tẹ́ bí ti pọ́tà. Ẹ sì ka àpò yín, kí ó má bàa di ọ̀pá kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ pápá ní Jámánì ń béèrè ìwé ẹ̀rí Platzreife kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé; eré etí ihò wà lára ohun tí a fi ń dán ni wò.

Ta ni ó wá yẹ kí ó rà á? Èrò tiwa nìyí. Fún bàbá tàbí ìyá tí ó ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ ń gba ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, ṣípà kì í ṣe ìtìjú. Wákàtí tí ẹ ní kò pọ̀. Ẹ fi ọ̀pá tí ó rọrùn ra ẹyọ mẹ́ta náà padà. Ẹni tí ó bá fi yín rẹ́rìn-ín kò mọ̀ pé àpò tirẹ̀ náà kún fún ohun tí àwọn baba eré ìbá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tètè rà á fún ọmọ. Ọmọ ní àkókò tí ẹ̀yin kò ní mọ́. Ẹ fún un ní irin méjì tàbí mẹ́ta, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù kan náà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè kọ́ ohun tí ọwọ́ Seve kọ́ ní etíkun. Bí ó bá dàgbà, tí ó sì wù ú, yóò ra tirẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ sí etí gríìnì, ẹ gbé bọ́ọ̀lù mẹ́wàá kalẹ̀ fún olúkúlùkù. Òun yóò lo irin tirẹ̀, ẹ̀yin yóò lo ṣípà. Agbára rẹ̀ kò ní í wúlò fún un púpọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ orí yín kò sì ní í dí yín lọ́wọ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá súnmọ́ ihò jù ni yóò yan oúnjẹ alẹ́. Bí ọmọ bá borí, ẹ yìn ín. Bí ẹ̀yin bá borí, ẹ fi bí ẹ ti ṣe é hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ń wọ akèrègbè, ọwọ́ yín ń tó pẹpẹ; ilé tí méjèèjì bá wà, nǹkan kan kì í wọ́n ọn.