Kí ló ń jẹ́ Montessori gan-an? Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó sanwó

Tẹ́ ẹ bá rìn káàkiri Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí lára pátákó ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi: Montessori. Àwọn òbí máa ń bi mí pé ṣé orúkọ ẹni tó ni ilé-ìwé ni. Orúkọ èèyàn ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ìkọ́mọ kan ló ń tọ́ka sí. Pátákó nìkan ò sì lè sọ fún yín bóyá ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń lò nínú kíláàsì.

Ta ni Montessori?

Maria Montessori jẹ́ dókítà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n bí i lọ́dún 1870. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1907, ó ṣí Casa dei Bambini, ìyẹn Ilé Àwọn Ọmọdé, ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù nílùú Róòmù. Àwọn òbí ibẹ̀ a jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ a sì máa ṣe bó ṣe wù wọ́n nílé. Ohun tí dókítà yìí ṣàkíyèsí ni pé ọmọ kékeré lè gbájú mọ́ iṣẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹgba, tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú iṣẹ́ náà.

Báwo ni kíláàsì náà ṣe rí?

Ọmọ ọdún 3 sí 6 ló jọ máa ń wà ní kíláàsì kan. Kékeré ń wo àgbà, àgbà ń kọ́ kékeré, bíi ti agbo ilé. Lórí pẹpẹ tọ́wọ́ ọmọ tó ni wọ́n ń kó nǹkan sí. Láàárọ̀, wọ́n máa ń ní nǹkan bíi wákàtí 3 tẹ́nikẹ́ni ò ní dá wọn dúró. Ọmọ á mú iṣẹ́ tó wù ú nínú èyí tí tíṣà ti fi hàn án, á ṣe é, á dá a padà sáyè ẹ̀ kó tó mú òmíràn. Òmìnira wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dí ọmọ mìíì lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ba nǹkan jẹ́.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?

Wọ́n ń bu omi láti ife kan sí òmíràn, wọ́n ń de bọ́tìnnì, wọ́n ń gbálẹ̀. Igi aláwọ̀ píǹkì 10 wà tí wọ́n ń tò léra, èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tó tóbi jù jẹ́ 10. Fún ìṣirò, ìlẹ̀kẹ̀ ni: ẹyọ kan, 10, 100, títí dé 1,000, kọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ mọ bí ẹgbẹ̀rún ṣe wúwo tó.

Fún ìwé kíkà, lẹ́tà tí wọ́n fi sáńpépà ṣe lọmọ máa ń fi ìka tọ̀, á sì máa pe ìró ẹ̀. Lójú tèmi, èyí bá Yorùbá mu gan-an, torí bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ la ṣe ń kọ ọ́.

Igi róbótó kan tún wà tí kálukú ní ihò tiẹ̀. Tọ́mọ bá ṣì í fi, ọ̀kan ò ní wọlé nígbẹ̀yìn. Òun fúnra ẹ̀ á rí àṣìṣe ẹ̀, tíṣà ò ní í kígbe “o ò gbà á!”

Ta ló ni orúkọ náà?

Kò sẹ́ni tó ni ín. Lọ́dún 1929, Montessori dá ẹgbẹ́ Association Montessori Internationale sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 1967, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé orúkọ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tẹ́nikẹ́ni fi lè kọ ọ́ sára pátákó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí kíláàsì fún ìdajì wákàtí. Ẹ wò ó:

- Ṣé ọjọ́ orí àwọn ọmọ dàpọ̀?
- Ṣé àwọn ọmọ ló ń mú iṣẹ́ fúnra wọn, àbí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ?
- Ṣé ọwọ́ ọmọ ń kan àwọn ohun èlò, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì wọ́n mọ́?
- Ibo ni tíṣà ti kọ́ ọ̀nà yìí?

Ilé-ìwé tí kì í ṣe Montessori lè dáa gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí orúkọ yẹn ni owó ṣe gbẹ́nu sókè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ajá lọ́bọ fún yín.