Òrí, Àdín àti Awọ Ara Àgbàlagbà Obìnrin

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní orúkọ fún oríṣiríṣi ipò tí obìnrin ń gbà kọjá láyé. A óò pè é ní ọmọdébìnrin, yóò di ọmọge, yóò di ìyàwó, yóò di abiyamọ, yóò di ìyálé, yóò sì di ìyá àgbà. Bí ó bá lóyún, a ní bí a ṣe ń kí i. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, a ní bí a ṣe ń kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá kásẹ̀ nílẹ̀, tí ooru ń bẹ́ sí i lára ní òru, tí awọ ara rẹ̀ sì ń gbẹ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ a máa wọ́n lẹ́nu wa. A óò kàn ní ‘ó ti dàgbà’, a óò sì bá ọ̀nà wa lọ.

Àìlórúkọ yìí ti mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ka ìṣòro náà sí. Èrò tèmi yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n fi ń kápá rẹ̀. Inú ìkòkò òrí, inú ìgò àdín àti àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ ilé ni ètò náà wà, kò sí nínú orúkọ kankan. Ìtàn bí ètò náà ṣe wà, bí ó ṣe fọ́, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Láàárín ọmọ ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró. Ní àkókò yìí, ara kì í pèsè èròjà tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn tó bí ó ti ń pèsè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ èròjà yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí nìkan. Òun náà ni ó ń ran awọ ara lọ́wọ́ láti nípọn àti láti di omi mú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣàkíyèsí pé láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, awọ ara lè pàdánù nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kólájìn rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán tí wọ́n gbé awọ ró. Òróró tí ara fúnra rẹ̀ ń sun náà a dín kù. Abájọ tí ara fi ń yún, tí gìgísẹ̀ fi ń là, tí ó sì máa ń ṣe àwọn mìíràn bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ wọn. Bí ọyẹ́ bá wá bá ẹni tó wà nínú ipò yìí, ìyà náà á di méjì.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè fún àkókò yìí lórúkọ. Ní 1821 ni Charles de Gardanne, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé tí ó fi orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní sí ojú ìwé. Ó di 1929 kí Edward Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì, tí oníkálukú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó yọ ọ̀kan nínú àwọn èròjà ẹ́sítírójìn sọ́tọ̀ kí ayé lè rí i. A kò gbọ́dọ̀ retí, nígbà náà, pé kí àwọn ìyá wa ti mọ ohun tó fa ara gbígbẹ. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Òrí ni àkọ́kọ́. Igi emi, tí a ti ń rí òrí, kò fẹ́ràn igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibùgbé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, agbègbè Òkè-Ògùn, bí i Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbòho, àti apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí ni ó ti pọ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni òrí ṣíṣe. Wọn a ṣa èso tó re sílẹ̀ nígbà òjò, wọn a sè é, wọn a sá a, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn a da omi sí i, tí wọn a sì máa fi ọwọ́ pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Wọn a wá sè ọ̀rá náà kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní í fojú kékeré wo òrí mọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ iṣẹ́ náà. Ní Kirikongo, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èèpo èso emi tó fi hàn pé wọ́n ti ń ṣe òrí níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi. Nígbà tí Mungo Park, ọmọ Scotland, la ilẹ̀ àwọn Bambara kọjá ní 1796, ó rí òrí, ó tọ́ ọ wò, ó sì yìn ín nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1799. Ohun tí arìnrìn-àjò náà rí gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun ti di ohun àtọwọ́dọ́wọ́ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe é.

Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí emi kò sí, ọ̀pẹ ni ó gba ipò rẹ̀. Láti inú èkùrọ́ ni wọ́n ti ń yọ àdín. Wọn a yan èkùrọ́ títí yóò fi sun òróró dúdú tí òórùn rẹ̀ kì í fara sin. Àdín ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, àdín náà ni wọ́n sì fi ń pa arúgbó lára. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá wà nínú kí òróró kan náà máa pàdé ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ní ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, nítorí pé awọ ara ọmọ tuntun àti ti arúgbó ni kì í lè di omi mú dáadáa.

Ìdí mìíràn tún wà tí òrí fi bá obìnrin tí ooru ń bẹ́ sí lára mu. Nínú èrò Yorùbá, òrí wà lára àwọn ohun tí a ń pè ní ẹ̀rọ̀, ohun tútù tí í pẹ̀tù sí ohun tó gbóná. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ ti Òrìṣà-ńlá, tí epo pupa jẹ́ èèwọ̀ fún. Èrò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò fi jẹ́ kí ó kú. Nígbà tí wọn kò rí igi emi níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá kòkó rọ́pò rẹ̀ nínú ìsìn òrìṣà náà, wọ́n sì ń pe ọ̀rá kòkó náà ní òrí. Ohun tí wọn kò rí lóko, wọ́n pa orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n òróró nìkan kọ́ ni ètò náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò: a ní ènìyàn ‘wẹ̀, ó sì para’. Èkejì kì í jìnnà sí èkíní. Kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára ni wọ́n ti ń fi òrí ra á. Àwọn oníṣègùn awọ ara ń kọ́ni ní ohun kan náà lónìí, pé ìgbà tí ara ṣì tutù ni kí a fi ìpara sí i kí omi náà lè dúró síbẹ̀. Ohun kẹta nínú ètò náà ni ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò sí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ní agboolé tí a ti tọ́ mi, ìkòkò òrí ìyá àgbà kì í kúrò lábẹ́ ibùsùn. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òrí náà a dì gbagidi. Ọmọ tí wọ́n bá pè ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, tí yóò sì fi ra ẹ̀yìn, orúnkún àti gìgísẹ̀ ìyá àgbà. Àdúrà ni owó iṣẹ́ wa. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò mọ sí oúnjẹ nìkan.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni ó dára. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú ṣe a máa fọ ìdọ̀tí, a sì máa fọ òróró ara lọ pẹ̀lú rẹ̀. Omi gbígbóná àti kànrìnkàn líle náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yẹ awọ tó ti fẹ́lẹ́. Òrí tí wọ́n ń fi sí i lẹ́yìn ìwẹ̀ ni ó ń dá ohun tí ọṣẹ kó lọ padà. Ẹni tó bá mú ọṣẹ, tó sì fi òrí sílẹ̀, ìdajì ètò ni ó mú.

Báwo wá ni ètò náà ṣe fọ́? Òwò ni ó kọ́kọ́ kàn án. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ra èkùrọ́ fún ọṣẹ àti bọ́tà àtọwọ́dá. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Hamburg ní Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tó ń ti Èkó jáde ń lọ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń fi òkúta pa á, owó rẹ̀ sì wúlò fún wọn. Ní 1923, Lever Brothers fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọṣẹ olóòórùn dídùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà. Ìpara inú ike náà dé. Vaseline, tí Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1872, wà lára wọn. Ká sọ òtítọ́, Vaseline kò burú. Ó ń dènà kí omi ara máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tó burú ni ojú tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo òrí àti àdín. A ní òórùn wọn kò dára, a ní ti ará oko ni. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ewu ni ìgbà tí ìpara tó ń sọ ara di pupa gba ìgboro. Èdè wa kò fi bò rárá: a ní ẹni tó ń lò ó ‘ń bóra’, bí ẹni ń bó ọsàn. Fẹlá Aníkúlápó Kútì kọ orin lòdì sí àṣà náà ní 1976. Ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993, ìṣàkóso ìpara sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọjà náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni a sábà máa ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ara rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣe funfun, ó ń yún un, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, wọ́n sì ta ìpara tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú fún un. Ìpara bẹ́ẹ̀ lè mú kí yíyún náà rọlẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, ńṣe ni yóò máa mú kí awọ fẹ́lẹ́ sí i. Ohun tí ọjọ́ orí ti ń ṣe sí awọ rẹ̀ ni ó tún ń fi owó rà kún un.

Lónìí, òrí ti ń padà bọ̀. Ó ti wà nínú ike kékeré olówó gọbọi ní London àti New York, àwọn ọmọ tó pè é ní ti ará oko sì ń rà á bọ̀ wálé. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èso emi tútù jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí fún oṣù 6, kí a lè máa fi ṣe òrí nílé. Ìjọba ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 èso náà ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́ wa. Inú mi dùn sí pípadà òrí. Ṣùgbọ́n ike kò lè bá ẹnikẹ́ni ra ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rí tí ó yẹ kí a gbà padà pọ̀. Èkíní ni òrí fúnra rẹ̀, tí a ó máa fi pa ara tó ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ sísọ: kí ìyá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nǹkan oṣù òun ti dáwọ́ dúró, ara ń yún òun, kí ọmọ náà sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn bí yíyún náà kò bá lọ, nítorí pé àìsàn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, kí ó yọ òrí sí àtẹ́lẹwọ́ nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, kí ó bi í pé níbo ni ọwọ́ rẹ̀ kò dé.