Ogún Shakespeare Láàrin Ẹgbẹ́ Òṣèré Méjì

Àwọn àgbà ní ìjà ló dé lorin dòwe. Nígbà tí ìjà dé láàrin ẹgbẹ́ òṣèré méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún 1660, ọ̀rọ̀ inú eré Shakespeare ni ó fara gbá a.

Ní 1642, bí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé eré wà ní títì. Nígbà tí Charles Kejì gorí ìtẹ́ baba rẹ̀ ní 1660, ó fún ẹni méjì péré ní àṣẹ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Thomas Killigrew ni olórí Ẹgbẹ́ Ọba. William Davenant sì ni olórí Ẹgbẹ́ Dúùkù, tí a fi oyè àbúrò ọba sọ. Eré tuntun kò tíì tó nǹkan, nítorí náà ti àtijọ́ ni àwọn méjèèjì gbójú lé.

Báwo ni wọ́n ṣe pín ogún náà? Àwọn àgbà òṣèré tí wọ́n ti ń ṣeré kí ogun tó dé wà lọ́dọ̀ Killigrew, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pe ara rẹ̀ ní àrólé ẹgbẹ́ tí Shakespeare wà nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi kó èyí tí ó pọ̀ jù: Othello, Julius Caesar, àti ọ̀pọ̀ eré Ben Jonson àti Fletcher. Ní oṣù Kejìlá 1660, wọ́n fún Davenant ní 9 nínú eré Shakespeare. Hamlet, Macbeth àti King Lear wà lára wọn. Òun náà ti ṣèlérí pé òun yóò tún eré àtijọ́ ṣe kí ó lè bá ẹgbẹ́ òun mu.

Ẹni tí ogún rẹ̀ kéré ní láti dá ọgbọ́n. Ní 1661, Davenant ṣí ilé eré tí àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé rẹ̀ ṣeé fà wọlé, ṣeé fà jáde. Ó gbé Hamlet síbẹ̀ lọ́dún náà, Thomas Betterton sì ṣe é débi pé Samuel Pepys yìn ín nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ní 1662, Davenant pa Measure for Measure àti Much Ado About Nothing pọ̀ di eré kan ṣoṣo. Ó mú kí àwọn àjẹ́ inú Macbeth máa kọrin, kí wọ́n máa jó. Ní 1667, òun àti John Dryden fún Miranda inú The Tempest ní àbúrò obìnrin tí Shakespeare kò bí.

A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Ẹgbẹ́ Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé eré wọn jó ní 1672. Èyí tí wọ́n ṣí ní 1674 kò ní ẹ̀ṣọ́ tó ti Ẹgbẹ́ Dúùkù ní Dorset Garden. Ìjà abẹ́lé tún wọ àárín wọn. Ní 1682, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan, àwọn ará Ẹgbẹ́ Dúùkù ni ó sì ń darí rẹ̀. Àrólé pàdánù, ẹni tí a fún ní díẹ̀ ni ó borí.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kò lè fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Nínú ìwé Hamlet tí wọ́n tẹ̀ ní 1676, wọ́n fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlà tí àwọn òṣèré ń fò lórí ìtàgé, kí òǹkàwé lè mọ̀ wọ́n. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ó ti le létí àwọn èèyàn ìgbà náà, wọn kò sì fi àmì kankan sí ìwọ̀nyẹn. Òǹkàwé rò pé Shakespeare ni òun ń kà. Ní 1681, Nahum Tate tún King Lear kọ fún Ẹgbẹ́ Dúùkù, ọba kò sì kú mọ́. Ẹ̀dà Tate yìí ni ó gbilẹ̀ lórí ìtàgé títí William Macready fi dá ọ̀rọ̀ Shakespeare padà ní 1838.

N kò bá Davenant wíjọ́ pé ó tún eré ṣe. Láìsí òun àti irú rẹ̀, bóyá inú àpótí ni púpọ̀ nínú wọn ìbá wà. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, bí ẹ bá ń jí eré àtijọ́ wa dìde, tí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ òde òní rọ́pò ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí baba sọ àti ohun tí ọmọ fi kún un.